Adágún Tí Kò Sí Nínú Ìwé: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Òṣogbo

Owó tí lọ́yà bàbá ọmọ kan tó kó sínú adágún bèèrè nínú lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ ₦6,500,000. Orúkọ èèyàn mẹ́ta ló wà lórí lẹ́tà: alága, akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ onílé ẹ́sítéètì kan tó wà lẹ́yìn ìlú Òṣogbo, ní apá ọ̀nà Ìlobùú. Orúkọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, àfi gbólóhùn kan tó sọ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró fún ara wọn àti fún gbogbo onílé yòókù. Èyí já wọn láyà ju iye owó lọ. Akápò, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, bi mí lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bóyá wọ́n lè torí ẹ̀ wá wọ́ mọ́tò òun lọ.

Alágbàtà ìnṣọ́ránsì ni mí. Èmi kọ́ ni mo ta ìwé tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ fún wọn. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ti kọ̀ láti sanwó ni wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n fún mi láyè láti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, mo sì ti yọ orúkọ gbogbo èèyàn àti gbogbo ilé-iṣẹ́ kúrò. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ ni pé ẹ́sítéètì tí omi wà láàárín rẹ̀, tí gbọ̀ngàn wà létí omi náà, kì í ṣe ẹyọ kan nílùú yìí, gbogbo wọn ló sì gbà pé ìwé kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù akọ̀wé ti bo ohun gbogbo.

Kò sí ẹni tó dìídì gbẹ́ adágún yìí. Ìdílé tó ni ilẹ̀ gé e ní púlọ́ọ̀tì tà, wọ́n sì fi àbàtà àárín sílẹ̀ torí kò sẹ́ni tó máa ra àbàtà. Odò tóóró kan ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pàdé omi tó ń ṣàn sínú Ọ̀ṣun. Nígbà tí àwọn onílé fẹ́ ṣe ọ̀nà, wọ́n gbé katapílà wá, wọ́n wa yẹ̀pẹ̀ pupa nínú àbàtà yẹn, wọ́n sì fi yẹ̀pẹ̀ kan náà mọ odi dí odò kí mọ́tò lè rí ibi gbà. Páìpù méjì ni wọ́n sin sábẹ́ odi náà kí omi lè máa jáde. Kí òjò ọdún kejì tó dá, kòtò ti di adágún. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó máa ń fà títí tí yóò fi ku ẹrẹ̀ àti omi tí kò ju orúnkún lọ. Bó bá di oṣù Kẹsàn-án, àgbàlagbà tó bá dúró láàárín rẹ̀, omi á bò ó lórí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó wọ ọ̀rọ̀ omi. Ẹnì kan dábàá pé kí wọ́n da ọmọ ẹja sí i, epìyà àti àrọ̀, wọ́n sì ń kó o tà nígbà Iléyá àti Kérésì. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn sẹ́bàá rẹ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù wà láàárín gbọ̀ngàn àti omi ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2021 wọ́n wó ẹ̀yìn ògiri náà kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ wọlé, kí àwọn tó wá ṣe ìnáwó lè gbé tábìlì sí etí omi. Owó gbọ̀ngàn kúrò ní ₦60,000, ó di ₦100,000. Nínú àwọn àwòrán tí wọ́n fi ń polówó lórí WhatsApp, omi ló ṣáájú, gbọ̀ngàn ló tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwòrán yẹn sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kẹsàn-án 2023 ni wọ́n sọmọ lórúkọ níbẹ̀. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún márùn-ún kan tó tẹ̀ lé àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ẹdẹ bá àwọn ọmọ tó ń sáré kiri lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí ògiri wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ́sítéètì mọ ibi tí ẹsẹ̀ àwọn gbọ́dọ̀ dúró. Ọmọ àlejò ò mọ̀ ọ́n. Bèbè ibẹ̀ kò dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bíi ti odò. Bí katapílà ṣe gé e lọ́jọ́ tó wa yẹ̀pẹ̀ ló ṣe wà, ní ìdúró ṣánṣán. Ẹsẹ̀ tó bá yọ̀ níbẹ̀ kò ní ohun tó máa tẹ̀ mọ́. Bíríkìlà kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé òdìkejì ló gbọ́ igbe àwọn ọmọ, ló sáré bẹ́ sómi. Ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, wọ́n gbé e sórí ọ́síjìn, ó sì lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ́sibítù. Owó ìtọ́jú nìkan jẹ́ ₦870,000.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ṣì ń sọ fún mi títí di òní pé àmúwá ni, pé ta ló ń kú sínú omi tí kò tóbi. Ìròyìn tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2024 sọ pé nǹkan bí 300,000 èèyàn ni omi gbé lọ káàkiri ayé ní 2021, àti pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin wọn. Kì í ṣe òkun ló ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jù. Omi ẹ̀yìnkùlé ni.

Ẹgbẹ́ rán èèyàn lọ kí àwọn òbí ọmọ náà, wọ́n mú ₦50,000 dání. Kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Alága ṣàlàyé fún mi pé àwọn rò pé bí àwọn bá kọ̀wé, ó jẹ́ pé àwọn ti gbà pé àwọn jẹ̀bi. Èrò yìí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì ti ba ọ̀pọ̀ ẹjọ́ jẹ́. Kí èèyàn sọ fún ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì pé nǹkan ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀bi. Ohun tí ìwé àdéhùn kọ̀ fún oníìwé, ìyẹn ẹni tó ra ìnṣọ́ránsì, ni pé kó lọ bá ẹni tó farapa, kó ní òun ló jẹ̀bi, tàbí kó ṣèlérí owó fún un láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ mọ̀ sí i. Èyí tó yẹ kí wọ́n ṣe ni wọn ò ṣe, wọ́n wá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe èyí tí kò yẹ.

Ìgbà tí lẹ́tà lọ́yà dé, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méje, ni akọ̀wé tó rántí ìwé tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwé gidi ni, rísíìtì ọdún 2023 sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Mo yọ̀ nígbà tí mo rí rísíìtì yẹn, torí Òfin Ìdójútòfò, ìyẹn òfin ìnṣọ́ránsì, ti 2003 sọ ọ́ gbangba ní abala 50 pé bí owó kò bá tíì wọlé, kò sí ààbò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013 ni NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wa, ti ń fi ọwọ́ líle mú ìlànà yẹn. “Màá san án lóṣù tó ń bọ̀” kò sí mọ́. Òfin 2003 yìí ló wà lójú iṣẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀; 2025 ni òfin tuntun gba ipò rẹ̀.

Ìwé ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ni wọ́n rà, èyí tí abala 65 Òfin 2003 sọ di dandan. Ó máa ń dúró fún ẹni tó ni ilé tàbí ẹni tó ń lò ó bí ilé bá wó, bí iná bá sọ, bí ìjì jà, bí àgbàrá ya wọlé, tí ẹlòmíràn bá farapa, tó kú, tàbí tí ẹrù rẹ̀ ṣòfò. Wọ́n fi ààbò ẹlòmíràn títí dé ₦5,000,000 kún tiwọn. Owó tó lè bo èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí wà lórí ìwé nígbà náà.

Ilé-iṣẹ́ náà rán adjọ́sítà wá, ẹni tó ń bá wọn yẹ ìṣẹ̀lẹ̀ wò kí wọ́n tó sanwó; ó wọn ilẹ̀, ó ya fọ́tò, ó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu bíríkìlà. Láàárín 90 ọjọ́ tí abala 70 fún wọn ni wọ́n ti fèsì, mi ò lè bá wọn jà lórí ìyẹn. Wọ́n ní àwọn ò ní san, ìdí mẹ́ta ni wọ́n sì kọ. Wọ́n ní a kò tètè sọ fún wọn. Wọ́n ní ibi tí ìwé bò ni gbọ̀ngàn àti ọgbà tó yí i ká, omi kò sí nínú ọgbà. Wọ́n tún ní fọ́ọ̀mù tí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ kún lọ́jọ́ tí wọ́n ra ìwé kò sọ òótọ́.

Ti àkọ́kọ́, mo bá wọn fà á títí wọ́n fi jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ méje kò ba ìwádìí wọn jẹ́: bèbè ṣì wà bó ṣe wà, ẹni tó bẹ́ sómi ṣì wà ládùúgbò. Ṣùgbọ́n ìjọ̀wọ́ yẹn ò já mọ́ nǹkan kan nígbà tí méjì ṣì kù.

Fọ́ọ̀mù yẹn ni kí a jókòó tì díẹ̀. Oṣù Kejì 2022 ni wọ́n kún un, nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá ta ìwé fún wọn ló ń bi akọ̀wé ní ìbéèrè, òun náà ló ń fi bírò ara rẹ̀ kọ ìdáhùn. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè bóyá odò, adágún tàbí kòtò omi wà nínú ọgbà tàbí nítòsí, “Rárá” ló kọ síbẹ̀. Akọ̀wé kò rántí pé ó béèrè ìyẹn lọ́wọ́ òun. Ó ṣeé ṣe kó má béèrè rárá. Ó ṣeé ṣe kó yọjú wo ẹ̀yìn, kó rí ẹrẹ̀ tó ti sán, kó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Akọ̀wé fọwọ́ sí i, ó ti tán.

“Ẹ̀gbọ́n, èèyàn tiwọn ló kọ ọ́ o, kì í ṣe àwa,” ni akọ̀wé wí fún mi, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún dénú. Lójú tèmi náà, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ rán jáde, tí ilé-iṣẹ́ ń fún ní owó iṣẹ́ lórí ìwé tó bá tà, ó yẹ kí àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Òfin 2003 kò gbà bẹ́ẹ̀. Abala 54 sọ pé aṣojú tó bá bá èèyàn kún fọ́ọ̀mù, aṣojú ẹni tó fẹ́ ra ìwé ni lórí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Òfin ní kí wọ́n tẹ ìkìlọ̀ náà gàdàgbà sórí fọ́ọ̀mù. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lókè ibi tí akọ̀wé fọwọ́ sí. Abala yìí kan náà ṣe oníìwé lóore lápá kejì: ohun tí fọ́ọ̀mù kò bá béèrè, ilé-iṣẹ́ kò lè padà wá sọ pé ó ṣe pàtàkì. Ká ní fọ́ọ̀mù yẹn kò dárúkọ omi ni, à bá rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ó béèrè.

Ti ọgbà wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti rò pé mo ní ohun mú dání. Mo ní wọ́n ti wó ògiri, etí omi ti di ara ọgbà gbọ̀ngàn, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé tábìlì sí, àlejò gbọ̀ngàn sì ni ọmọ tó kó sómi. Adjọ́sítà kò bá mi jiyàn. Ó kàn yọ fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán WhatsApp tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan hàn mí. Ó ní, “Bí omi bá jẹ́ ara gbọ̀ngàn, kí ló dé tí ẹ ní kò sí omi nítòsí? Bí kò bá sì jẹ́ ara gbọ̀ngàn, kí ni mo ń san owó rẹ̀ fún?” Ọ̀nà méjèèjì ti dí. Ẹgbẹ́ ti fi omi sínú owó gbọ̀ngàn, wọn ò fi í sínú ìwé gbọ̀ngàn. Ilé-iṣẹ́ yẹn le, mi ò ní sọ pé wọ́n ṣàánú, ṣùgbọ́n tí èmi bá jẹ́ adájọ́, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbà dá wọn lẹ́bi.

Wọ́n pe ìpàdé gbogbo onílé. Ọ̀rọ̀ tó gba àkókò jù nínú ìpàdé yẹn kì í ṣe owó, ọ̀rọ̀ ta ló ni omi ni. Bàbá àgbàlagbà kan dìde, ó ní omi Ọ̀ṣun ni, pé kò sí ẹni tó ń ṣe ìnṣọ́ránsì fún omi Ọ̀ṣun. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìtàn ìlú wa kò ti bàbá lẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Òṣogbo wo ni kò gbọ́ ọ rí pé Láròóyè àti Tìmẹ́hìn àti àwọn èèyàn wọn gé igi létí omi, igi wó lu odò, ohùn kan sì ké láti ìsàlẹ̀ pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun? Ọ̀ṣun kọ́ ló jẹ gbèsè nínú ìtàn yẹn. Àwọn tó ń lo etí omi ni wọ́n bi léèrè, àwọn náà ni wọ́n kó ẹrù wọn sún sẹ́yìn.

Ọmọ ìdílé onílẹ̀ kan wà nípàdé. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó ẹja, ó ní ilẹ̀ ni bàbá àwọn tà, àwọn ò ta omi, pé ó yẹ kí ìdílé máa rí nǹkan gbà. Nígbà tí wọ́n gbé lẹ́tà lọ́yà sí i lọ́wọ́, ó ní àwọn ti ta gbogbo rẹ̀ tán, kò sí ohun tó kan àwọn mọ́. Onílé méjì tí ìwé sọ́fè wọn kan etí omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn.

Bàbá Lọ́yà, bí gbogbo wọn ṣe ń pe àgbà agbẹjọ́rò kan tó ń gbé láàárín wọn, ló wá là á yé wọn. Ó ní nínú irú ẹjọ́ báyìí, ohun tí òfin tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tí àkóso ibẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú wọn lọ sórí ẹjọ́ Wheat àti Lacon, tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní 1966. Àlejò ilé ọtí kan ló já lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, ó kú. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ọtí tó ni ilé náà àti máníjà tó ń gbé inú rẹ̀, àwọn méjèèjì ni àkóso wà lọ́wọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí kò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nígbẹ̀yìn. Ó tún mẹ́nu ba ti Glasgow ní 1922, níbi tí ọmọ ọdún méje kan ti já èso olóró jẹ nínú ọgbà ìlú, tó sì kú. Ìjọba ìlú ní àwọn ò pè é wá jẹ èso. Ilé-ẹjọ́ ní ohun tó fani mójú tí wọ́n gbé síbi tí ọmọdé ń ṣeré, tí wọn ò fi ọgbà yí ká, tí wọn ò sì kọ ìkìlọ̀ sí, wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn fún un.

Bàbá Lọ́yà wá bi wọ́n léèrè: “Ta ló ń da ẹja sómi? Ta ló ń kó o? Ta ló wó ògiri?” Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Gbogbo wọn ló ti jẹ nínú ẹja yẹn.

Ó tún tú ohun tó ń dẹ́rù ba akápò. Ẹgbẹ́ kò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Lábẹ́ òfin, ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ kì í ṣe ẹni tí èèyàn lè fi orúkọ rẹ̀ pè lẹ́jọ́. Ìdí nìyẹn tí lọ́yà ọmọ fi kọ orúkọ èèyàn mẹ́ta. Ìbéèrè tèmi lẹ́yìn ìyẹn sì ni pé orúkọ ta gan-an ló wà lórí ìwé ìnṣọ́ránsì gbọ̀ngàn. Orúkọ ẹgbẹ́ tí òfin kò mọ̀ ni. Bí gbogbo ìyókù bá tiẹ̀ gún, ìyẹn ṣì lè dá wàhálà sílẹ̀ fún wọn.

Alága ní ọmọbìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sí etí ìpàdé láti orí fóònù. Àdúgbò tó ń gbé ní adágún tirẹ̀, èyí tí ẹni tó kọ́ ilé náà gbẹ́ láti gba àgbàrá òjò, kó tó fà á lé ẹgbẹ́ onílé lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀. Ìwé ìnṣọ́ránsì tó wọ́pọ̀ fún irú wọn níbẹ̀ máa ń gbé mílíọ̀nù kan dọ́là fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan àti mílíọ̀nù méjì fún ọdún kan, àwọn mìíràn á tún ra òmíràn lé e lórí. Ó ní àwọn kì í jẹ́ kí ẹni tó ń bá àwọn tọ́jú omi wọlé láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi ìwé ìnṣọ́ránsì tirẹ̀ hàn, kí orúkọ ẹgbẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. Mi ò gbà fún un. Ohun tó yàtọ̀ láàárín àdúgbò yẹn àti tiwọn kì í ṣe dọ́là. Lọ́hùn-ún, wọ́n mọ ẹni tó ni omi kí omi tó gbé ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ẹjọ́ náà kò jà títí. Àwọn àgbà láti Ẹdẹ àti ti ẹ́sítéètì jókòó nílé ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àwọn méjèèjì ló sì ń pa òwe yẹn fún ara wọn. Bàbá ọmọ kò wá pariwo. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, ọmọ mi wà láàyè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo yá owó.” Wọ́n fẹnu kò sí ₦2,200,000. Bàbá Lọ́yà ló wá rán wọn létí pé ẹ̀tọ́ ọmọ kékeré kì í ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ lè fọwọ́ sí nù lásán, pé ọmọ lè dàgbà kó tún ọ̀rọ̀ náà gbé dìde. Wọ́n wá gbé àdéhùn lọ síwájú adájọ́ kó fọwọ́ sí i. Wọ́n jọ lọ sí kóòtù, wọ́n jọ bọ̀ nínú mọ́tò kan.

Owó wá di ti ẹgbẹ́. ₦640,000 ló wà nínú àpò ẹja àti gbọ̀ngàn. Wọ́n pín èyí tó kù sí orí ilé 48, ó sì kan ilé kọ̀ọ̀kan ní ₦32,500. Obìnrin onílé kan tó ń gbé ní òpin ọ̀nà ní òun kò jẹ ẹja náà rí, òun ò sì ya gbọ̀ngàn rí. Ó san án nígbẹ̀yìn, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí rísíìtì pé òun san án pẹ̀lú ìbínú. Akápò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, ìwé tuntun. Èyí tó yẹ fún irú omi yẹn ni pọ́bílìkì láyábílítì. Gbogbo ẹni tó ní mọ́tò mọ tẹ́ẹ̀dì pátì, tí owó rẹ̀ kúrò ní ₦5,000 tó di ₦15,000 fún mọ́tò ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Ohun kan náà ni èyí ń ṣe fún ilẹ̀ àti omi. Kì í tún adágún ṣe, kì í san owó ẹja tó kú. Ẹlòmíràn tí omi rẹ bá ṣe léṣe ló wà fún, àti owó lọ́yà tí wàá fi gbèjà ara rẹ. ₦10,000,000 fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan ni a gbà, ₦20,000,000 fún gbogbo ọdún, owó ọdún sì jẹ́ ₦90,000. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ ló máa kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ₦100,000. Mo mú ìwé sọ́fè, mo fi bírò pupa yí omi ká, mo so ó mọ́ fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù náà, akọ̀wé ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìwé CAC ti jáde nígbà yẹn, orúkọ ẹgbẹ́ ló wà lórí ìwé, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí òfin mọ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í béèrè, mo sì fẹ́ kí ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ta ìwé fún yín. Ta ni “ẹlòmíràn”? Bí gbogbo onílé bá jẹ́ ẹgbẹ́, tí ẹgbẹ́ sì jẹ́ oníìwé, ilé-iṣẹ́ lè sọ lọ́jọ́ iwájú pé ọmọ onílé kì í ṣe ẹlòmíràn, ọmọ oníìwé ni. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ẹ́sítéètì ló ń wà létí omi lójoojúmọ́. A ní láti gba àfikún gbólóhùn tó sọ pé onílé kọ̀ọ̀kan àti ará ilé rẹ̀ jẹ́ ẹlòmíràn sí ara wọn. Ìdí gbólóhùn yẹn ni owó fi kúrò ní ₦78,000 tí wọ́n kọ́kọ́ sọ. Mi ò rò pé ẹgbẹ́ rí ohun tó dára jù ìyẹn rà nínú gbogbo ìwé náà. Ẹni tó ń bá wọn da àwọ̀n kò sí nínú rẹ̀. Ti òṣìṣẹ́ ní òfin tirẹ̀, ti 2010. Ẹni tí inú bá run torí ẹja tí wọ́n tà kò sí nínú rẹ̀ bákan náà.

Ilé-iṣẹ́ tuntun fi májẹ̀mú sílẹ̀ kí ìwé tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá ògiri ẹ̀yìn gbọ̀ngàn padà, géètì tó ní kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀. Wọ́n gé bèbè kó lè dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ní apá tó sún mọ́ ilé. Pátákó ìkìlọ̀ wà ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, àwòrán ọmọ tó ń rì sì wà lórí rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀wé. Túúbù mọ́tò tí wọ́n so okùn mọ́ wà lára òpó méjì. Owó gbọ̀ngàn ti já wálẹ̀ sí ₦70,000, torí àwọn tó fẹ́ rí omi kò rí i mọ́. Alága ṣì ń rojọ́ ìyẹn.

Ohun tó kù ni odi yẹ̀pẹ̀. Ìwé tuntun yọ ọ́ sílẹ̀ kedere: bí odi bá ya, tí omi ya lu àwọn tó wà nísàlẹ̀, ilé-iṣẹ́ kò sí níbẹ̀, àfi tí ẹnjiníà bá yẹ odi àti páìpù méjèèjì wò, tó fọwọ́ sí i pé wọ́n lágbára. Wọn ò ṣe èyí láti fi ni wọ́n lára. Ẹjọ́ Rylands àti Fletcher, tí wọ́n parí ní 1868, ọ̀rọ̀ adágún ni: ọlọ́rọ̀ kan gba omi jọ fún iṣẹ́ rẹ̀ ní Lancashire, omi já wọ inú ibi tí ẹlòmíràn ti ń wa èédú, wọ́n sì ní ẹni tó kó omi jọ ló máa san án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò ṣe àìbìkítà. Àwọn kóòtù wa ń lo ẹjọ́ yẹn títí di òní. Ẹni tí odò bá ṣàn kọjá lórí ilẹ̀ rẹ̀ lè ní Ọlọ́run ló ni odò. Ẹni tó mọ odi dí i kò lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọkùnrin kan wà nísàlẹ̀ odi náà tó ń sin àrọ̀ nínú kòtò ẹja tó gbẹ́ sílẹ̀, kì í sì í ṣe ará ẹ́sítéètì. Ó wá sí ìpàdé oṣù tó kọjá, ó ní ọ̀kan nínú páìpù méjèèjì ti dí, omi ti ń gba orí odi kọjá bí òjò bá pọ̀. Ẹnjiníà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ń gba ₦350,000 kó tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn onílé ní owó ti tán lọ́wọ́ àwọn, wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹlẹ́ja náà ní kò burú, ṣùgbọ́n kí akọ̀wé bá òun kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, pé òun ti sọ fún wọn. Ó dúró títí akọ̀wé fi kọ ọ́ tán, ó fi fóònù rẹ̀ ya ojú ìwé náà, kó tó máa lọ.